Ta Ni Yóò Ka Ọdún Wọn? Ìṣípò Akẹ́kọ̀ọ́ láti Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Yábàá sí Yunifásítì, láti 1934 Títí di Òní

Ìfáàrà

Ẹni tó bá dúró ní oríta Sábó ní Yábàá, ní ìlú Èkó, kò ní í rìn jìnnà kí ó tó kan ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ Yábàá, tí tọmọdé-tàgbà mọ̀ sí Yábàtẹ́ẹ̀kì, wà nítòsí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí Ìjọba Àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1967 láti máa kọ́ àwọn olùkọ́ iṣẹ́-ọwọ́ àti ìmọ̀-ẹ̀rọ wà ní Akọkà. Yunifásítì Èkó náà wà ní Akọkà kan náà, létí ọ̀sà. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà tó wà láàárín wọn kí oòrùn òwúrọ̀ tó mú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń rìn yàtọ̀ sí ọ̀nà tí ìwé-ẹ̀rí ń rìn. Ó ti tó àádọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbìyànjú láti fi ohun tí wọ́n kọ́ ní Yábàá wọ yunifásítì, ìtàn ìgbìyànjú náà ni a fẹ́ tọ pinpin nínú iṣẹ́ yìí.

Orúkọ Sábó fúnra rẹ̀, inú èdè Hausa ló ti wá: sabon gari, ìlú tuntun, ibi tí a ń fi àwọn àlejò sí. Ó bá ọ̀rọ̀ wa mu, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣí kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ kan lọ sí òmíràn, àlejò ni níbi tó dé. Onílé ni yóò sọ bí ẹrù tó gbé wá ṣe wúwo tó.

Àwọn ènìyàn a máa rò pé ọ̀rọ̀ ọpọlọ ni ìṣípò yìí, pé ẹni tó bá mọ̀wé yóò wọlé, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò dúró síta. Ìtàn kò fi èyí hàn. Ohun tí ìtàn fi hàn ni pé ìbéèrè kan náà ló ń padà wá ní ìran dé ìran: ọdún tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lò nídìí ìwé, ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti kà á, mélòó ni yóò sì kà á sí?

Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn

E. R. J. Hussey ni ó gbé èrò Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Yábàá kalẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ ní Uganda, níbi tí Makerere wà, kí ó tó dé Nàìjíríà ní 1929 gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá àgbà fún ètò ẹ̀kọ́ ìjọba amúnisìn. Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1932, ṣùgbọ́n oṣù Kìn-ín-ní 1934 ni Gómìnà Donald Cameron tó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ náà ní gbangba. Ṣáájú ìgbà náà ni ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan ti bẹ̀rẹ̀ ní Yábàá yìí kan náà ní 1930. Wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, iṣẹ́ àgbẹ̀, ìtọ́jú igbó ọba, wíwọn ilẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ olùkọ́ fún àwọn iléèwé tó ga ju alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ.

Kí a má ṣe ṣì í gbọ́: ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kì í ṣe yẹpẹrẹ. Àwọn tó ń wọlé kò pọ̀, wọ́n sì ń ṣà wọ́n bí ẹni ṣa ẹ̀wà ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ohun tí ìjọba fẹ́ fi àwọn tó bá jáde ṣe. Igbákejì ni a fẹ́ kí wọ́n jẹ́: igbákejì dókítà, igbákejì onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀, igbákejì awọnlẹ̀. Òyìnbó ni yóò jẹ́ ọ̀gá, ọmọ Yábàá yóò sì máa ràn án lọ́wọ́. Nítorí náà ni dípúlómà tí wọ́n ń gbà kò fi ní iyì kankan lẹ́yìn odi Nàìjíríà. Ẹni tó bá parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Yábàá lè tọ́jú aláìsàn ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ di dókítà tí gbogbo ayé mọ̀, àfi kí ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó tún kàwé.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà dun àwọn ará Èkó wọra ni pé kì í ṣe ohun tí a kò rí rí ni kí ọmọ adúláwọ̀ gba dìgírì ní ilẹ̀ adúláwọ̀. Láti 1876 ni Fourah Bay ní Sàró ti wọ àjọṣe pẹ̀lú Yunifásítì Durham, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ sì ń gba dìgírì Durham láìkúrò ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Bí Sàró bá ti ń ṣe é fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún, kí ló dé tí Èkó yóò fi gba èyí tó rẹlẹ̀?

Ìbéèrè yìí ló bí ẹgbẹ́ òṣèlú. Ní 1934, Ernest Ikoli, Dókítà J. C. Vaughan, H. O. Davies àti Samuel Akínsànyà dá Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Èkó sílẹ̀, ètò Yábàá sì ni ẹ̀sùn àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé dìde. Ní 1936 wọ́n yí orúkọ ẹgbẹ́ náà padà sí Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Nàìjíríà. Nígbà tí ó di 1938, ẹgbẹ́ yìí na ẹgbẹ́ Herbert Macaulay nínú ìdìbò sí ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó. Títì tó gba Sábó kọjá lónìí, orúkọ Macaulay ni ó ń jẹ́. Ó yẹ kí àwọn tó ń rìn ín mọ̀ pé àríyànjiyàn lórí ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò yìí wà lára ohun tó gbé agbára òṣèlú Èkó kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Macaulay.

Ìjọba dáhùn pé díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa dàgbà, pé yóò di yunifásítì bó pẹ́ bó yá. Ní ojú tiwa, Hussey kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó gba ohun tó ń sọ gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ilé-ẹ̀kọ́ bá tilẹ̀ ń dàgbà, àwọn tó ti jáde kí ó tó dàgbà ńkọ́? Dípúlómà wọn kò lè bá a dàgbà. Ilé tí Hussey kọ́ ní ilẹ̀kùn iwájú, èyí tó ṣí sí ẹnu iṣẹ́ ìjọba. Kò ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ènìyàn lè gbà bọ́ sí ibi tó ga jù ú lọ.

Ìrìn-àjò sí Eléyẹlé

Ogun Àgbáyé Kejì ló mú ìyípadà wá. Ní 1943 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ méjì, ti Asquith fún gbogbo àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn, àti ti Walter Elliot fún ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà nìkan. Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti wà nínú ìgbìmọ̀ Elliot. Nígbà tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1945, ìgbìmọ̀ náà ti pín sí méjì. Àwọn tó pọ̀ jù, tí Ransome-Kuti àti àwọn adúláwọ̀ méjì yòókù wà lára wọn, fẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì mẹ́ta: Nàìjíríà, Gold Coast àti Sàró. Àwọn tó kéré, tí Arthur Creech Jones wà nínú wọn, fẹ́ ẹyọ kan péré fún gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, kí ó sì wà ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn tí àwọn ará Gold Coast ti fárígá, ọ̀rọ̀ parí sí pé kí àwọn náà ní tiwọn. Ti Ìbàdàn dúró.

Kenneth Mellanby ni a fi ṣe ọ̀gá àkọ́kọ́ fún Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn. Kò sí ilé kankan lórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà fún un nígbà náà, nítorí náà Eléyẹlé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, nínú àwọn ilé tí àwọn ọmọ ogun ti fi ṣe ilé-ìwòsàn lásìkò ogun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 104 bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ níbẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù Kìn-ín-ní 1948. Láti Yábàá ni wọ́n ti kó wọn wá, wọ́n sì kó ìwé ilé-ìkàwé Yábàá tẹ̀lé wọn. Ní oṣù Kejì ọdún náà, Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù gba Ìbàdàn sínú àjọṣe pàtàkì, èyí tó túmọ̀ sí pé dìgírì Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa gbà. Creech Jones, tó ti di mínísítà fún àwọn ilẹ̀ amúnisìn nígbà náà, fúnra rẹ̀ ló wá gbẹ́ erùpẹ̀ àkọ́kọ́ lórí ilẹ̀ tòótọ́ ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá 1948.

Àwọn òpìtàn fẹ́ràn láti sọ ìtàn yìí bí ìtàn ìbí yunifásítì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wò ó láti ìhà Yábàá yóò rí i pé ìtàn ìṣípò ni, òun sì ni èyí tó tóbi jù ní ìgbà ìjọba amúnisìn ní ilẹ̀ wa: odidi ilé-ẹ̀kọ́ kan gbéra, ó bọ́ sínú èkejì. Ìyẹn kò sọ pé ọdún gbogbo wọn ni a kà. Nínú àwọn 104 náà, 49 ló wà nídìí ẹ̀kọ́ olùkọ́ àti ẹ̀kọ́ wíwọn ilẹ̀, irú ẹ̀kọ́ tí Yábàá ń kọ́ni, tí kò já sí dìgírì. Wọ́n dé Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ìwé tí wọn yóò gbà kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ní ti àwọn tó ń lépa dìgírì, ìlànà Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀lé: ìdánwò àgbàwọlé ti Lọ́ńdọ̀nù, ìdánwò agbedeméjì ti Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n tó kan dìgírì. Lọ́ńdọ̀nù ló di ìwé kíkà ọdún mú, kì í ṣe Yábàá, kì í sì í ṣe Ìbàdàn pàápàá.

Àwọn gíwá mẹ́ta

Ohun kan wà tí a kì í sábà rí kí àwọn tó ń kọ ìtàn Yunifásítì Èkó tẹnu mọ́. Láti ìgbà tí a ti dá yunifásítì náà sílẹ̀ ní 1962 títí di 1978, gíwá mẹ́ta ló jẹ níbẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sì ti gba Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Yábàá kọjá.

Eni Njoku ni àkọ́kọ́, láti 1962 sí 1965. Yábàá ló wà láti 1937 sí 1939. Àfìgbà tó di àárín ẹ̀wádún 1940 kí ó tó rí ọ̀nà lọ sí Yunifásítì Manchester, níbi tí ó ti gba dìgírì onípò kìíní nínú ìmọ̀ ewéko ní 1947. Dókítà ọ̀mọ̀wé Lọ́ńdọ̀nù ni ní 1954. Ẹnì kejì ni Sàbúrì Bíòbákú, ọmọ Ẹ̀gbá, tó jẹ gíwá láti 1965 sí 1972. Ìyànsípò rẹ̀ dá rúgúdù sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ wa níhìn-ín. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìjọba Ìbàdàn ló ti bọ́ sí Yábàá, ó sì tún lọ sí Exeter àti Cambridge kí ó tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹnì kẹta ni J. F. Adé Àjàyí, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìgbóbì ló lọ, èyí tí ìjọ Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì jọ dá sílẹ̀ ní 1932, tí kò sì jìnnà sí Sábó. Ó wọ Yábàá ní ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ti fẹ́ kógbá sílé, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn, ó gba dìgírì rẹ̀ níbẹ̀ ní 1951, kí ó tó lọ sí Leicester àti Lọ́ńdọ̀nù. Òun ni gíwá Yunifásítì Èkó láti 1972 sí 1978.

Ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n wéra. Ọpọlọ Njoku àti Bíòbákú kò dín sí ti Àjàyí. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ọdún tí olúkúlùkù dé Yábàá. Nígbà tí àwọn méjì àkọ́kọ́ jáde, kò sí ilẹ̀kùn. Àfi kí wọ́n dúró de ọ̀nà, kí wọ́n sì la òkun kọjá láti tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Àjàyí dé, a ṣẹ̀ṣẹ̀ lu ihò sára ògiri náà ni, ó sì gba ibẹ̀ kọjá sí Ìbàdàn kí ó tó di pé ó sọdá òkun fún oyè kejì. Àwọn mélòó ni kò rí owó ọkọ̀, tí wọn kò rí ẹni tí yóò rán wọn lọ, tí wọ́n lo gbogbo ìgbésí ayé wọn ní ipò igbákejì, tí ìwé ìtàn kò sì dárúkọ wọn? Àwọn wọ̀nyí ni Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Èkó ń jà fún ní 1934.

Ohun tó ṣẹ́ kù sí Yábàá

Nígbà tí àwọn tó ń lọ sí Ìbàdàn lọ, ilẹ̀ Yábàá kò ṣófo. Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ àti ìmọ̀-ẹ̀rọ tí a dá sílẹ̀ ní 1947 rọ́pò rẹ̀, òun ló sì di Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ Yábàá ní ẹ̀wádún 1960. Ní èrò tiwa, ibí yìí ni gbòǹgbò aáwọ̀ HND àti dìgírì tó ń jà rànyìn lónìí wà. Ní 1948 a pín ogún Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Yábàá sí méjì: a gbé ìwé lọ sí Ìbàdàn, a fi irinṣẹ́ sílẹ̀ sí Yábàá. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń wo ẹni tó ń lo irinṣẹ́ bí ẹni tí kò rí ọ̀nà dé ìdí ìwé.

Ó ṣeé ṣe kí ó má rí bẹ́ẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Iṣẹ́-Ọnà, Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀-Ẹ̀rọ ti Nàìjíríà, tó ní ẹ̀ka ní Sàríà, Ìbàdàn àti Enugu ní ẹ̀wádún 1950, kò dá dúró lẹ́yìn 1962. Ti Sàríà di Yunifásítì Ahmadu Bello, ti Ìbàdàn bọ́ sọ́wọ́ Yunifásítì Ifẹ̀, ti Enugu bọ́ sọ́wọ́ Nsukka. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ níbẹ̀ sùn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n jí ní yunifásítì. Yábàá nìkan ni a fi sílẹ̀ ní ipò tó wà.

Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gba ND ní Yábàtẹ́ẹ̀kì lẹ́yìn ọdún méjì, tí máàkì rẹ̀ sì dára, lè gba ọ̀nà tí JAMB ń pè ní Direct Entry láti wọ ọdún kejì ní yunifásítì. Ẹni tó bá dúró gba HND, lẹ́yìn ọdún méjì sí i àti ọdún tó fi ṣiṣẹ́ kọ́ṣẹ́ láàárín, yóò rí i pé yunifásítì púpọ̀ kò ní í gbà á fún oyè kejì àfi kí ó kọ́kọ́ ṣe dípúlómà mìíràn. Ìyẹn ni pé bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe pẹ́ tó lábẹ́ òrùlé Yábàtẹ́ẹ̀kì, bẹ́ẹ̀ ni ọdún tí yunifásítì kì í kà fún un ṣe ń pọ̀ tó.

NCE: ọdún mẹ́ta tó di ẹyọ kan

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń ka ìwé yìí gbọ̀ngbọ̀n. Ìgbìmọ̀ Eric Ashby, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1960, rí i pé àwọn olùkọ́ tó kúnjú òṣùwọ̀n kò tó ní iléèwé girama. Láti inú ìmọ̀ràn rẹ̀ ni àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ onípò gíga ti jáde, ti Èkó ní 1962 wà lára àwọn àkọ́kọ́, ibẹ̀ sì ni NCE ti bẹ̀rẹ̀. Bí Yábàá ti 1934 ni NCE ṣe rí nínú ohun kan: a dá a sílẹ̀ láti gbé ènìyàn dé ẹnu iṣẹ́ kan pàtó, kì í ṣe bí àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá wà. Àwọn yunifásítì fúnra wọn, nípasẹ̀ àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀kọ́ wọn, ni wọ́n ń yẹ ìdánwò NCE wò fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ìjọba tó dá àjọ NCCE sílẹ̀ ní 1989. Onílé ti bá àlejò di ẹrù rẹ̀, kò lè sọ pé òun kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. A gbà pé ìdí nìyí tí ọ̀nà fi tètè là fún onímọ̀ NCE ju fún onímọ̀ HND lọ. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéyẹmí ní Oǹdó tilẹ̀ kọ́ni dé ìpele dìgírì Yunifásítì Ifẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní ọgbà.

Síbẹ̀, ẹ wo ìṣirò náà. Ní ìgbà tí HSC wà, ẹni tó bá lo ọdún méjì sí i lẹ́yìn iléèwé girama yóò wọ yunifásítì fún ọdún mẹ́ta. Ipò HSC yìí ni a fi NCE sí. Nígbà tí ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, HSC di ohun ìgbàgbé ní ọ̀pọ̀ iléèwé, dìgírì sì di ọdún mẹ́rin fún ẹni tó ti girama wá tààrà. Ṣùgbọ́n ìṣirò ti NCE kò yí padà. Ọdún mẹ́ta ni a fi ń gba NCE, pẹ̀lú oṣù tí akẹ́kọ̀ọ́ fi kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì gẹ́gẹ́ bí ìdánrawò, ọdún kan péré sì ni yunifásítì ń yọ fún un. Ẹni tó gba girama wọ yunifásítì lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ yóò lo mẹ́rin. Ẹni tó gba NCE yóò lo mẹ́fà. Àwọn méjèèjì yóò jáde pẹ̀lú dìgírì kan náà.

Ó ṣeé ṣe láti ṣe é lọ́nà mìíràn. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì ti ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ ní Joliet ní 1901, ìpínlẹ̀ California ṣe ètò kan ní 1960 tó fi àyè sílẹ̀ ní yunifásítì fún àwọn tó bá ti parí ọdún méjì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò wọn, pé kí méjì náà wọ inú mẹ́rin. Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ ń lọ geere. Níbẹ̀ náà, àwọn kan ń pàdánù kọ́ọ̀sì tí wọ́n ti ṣe. Ṣùgbọ́n ìjọba ló fọwọ́ sí ìlànà náà ṣáájú, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tó ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ní tiwa, láti ìgbà tí a ti dá JAMB sílẹ̀ ní 1978, inú ìwé ìtọ́nisọ́nà rẹ̀ ni a ti ń rí ohun tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan fara mọ́, olúkúlùkù ló sì ní tirẹ̀. Èyí tí yunifásítì kan gbà, èkejì lè kọ̀ ọ́. Ẹ̀ka òfin ní àwọn yunifásítì kan kì í fẹ́ rí NCE sójú, bí máàkì rẹ̀ ti wù kí ó dára tó. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni kì í ṣí ìwé yìí wò títí di ọdún kẹta, nígbà tí iṣẹ́ méjì tí wọ́n yàn láti kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kò ti ṣeé yí padà mọ́. Àwa olùkọ́ náà kì í sì í sábà fi hàn wọ́n ní ọdún kìíní.

Lẹ́yìn èyí ni ìyanṣẹ́lódì. Ẹni tó fi NCE tàbí ND rẹ̀ wọ yunifásítì ìjọba ní 2021 kò tíì fìdí kalẹ̀ dáadáa nígbà tí ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì 2022. Oṣù mẹ́jọ ni ó gbà kí wọ́n tó padà, kò sì sí ìwé-ẹ̀rí kankan tí a kọ oṣù mẹ́jọ náà sí.